Ẹ Ka Ìtọ̀, Ẹ Má Ka Ẹkún: Ìtọ́sọ́nà fún Ìyá Ìkókó Lórí Omi Ọmú àti Ikùn Tí Kò Wọlẹ̀

Ìbéèrè kan náà ló ń dé etí mi ṣáá. Ìyá ìkókó á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mi kì í sùn, ẹkún ló ń sun, mo rò pé omi ọmú mi ò tó.” Kò ní tíì mí kanlẹ̀ tí yóò fi fi èkejì kún un: “Ọmọ ti pé oṣù mẹ́ta, wọ́n ṣì ń bi mí lọ́jà pé ìgbà wo ni n ó bí.”

Ọ̀rọ̀ méjèèjì so kọ́ra. Ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀ kí ikùn lè wọlẹ̀, á rẹ̀ ẹ́ débi tí agbára àtifọ́mọ lọ́mú kò ní sí. Ẹni tó sì ń bẹ̀rù pé omi ọmú òun ò tó, ògì oníṣúgà àti mọ́ọ̀tì ni yóò máa dà sínú lọ́sàn-án lóru, ara á sì máa sanra sí i. Nítorí náà, bí a ó ṣe tò ó nìyí: ọmọ ṣáájú, ikùn tẹ̀lé e.

## Ṣé omi ọmú tó? Pámpásì ni kí ẹ bi

Àkọ́bí mi ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọjọ́ kẹta tí mo bí i, ó sunkún mọ́jú, ilẹ̀ mọ́, a ra mílíìkì agolo tí wọ́n ṣe fún ìkókó. Gbogbo àwọn tó wá kí wa ló ní ebi ń pa á. Kò sí ẹni kan tó bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti tọ̀.

Ọmọ ń sunkún nítorí ooru, nítorí ìdí tó tutù, nítorí ariwo àlejò, nítorí pé ó fẹ́ kí a gbé òun. Ẹkún kò ṣeé fi wọn omi ọmú. Ohun tó bá wọlé sínú ọmọ ni yóò jáde, ìyẹn ló ṣeé kà. Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí ẹ máa fa ìlà sí i nígbàkigbà tí ọmọ bá tọ̀ tàbí tó yàgbẹ́.

Iye tó yẹ kí ẹ rí láàárín wákàtí 24:

- Ọjọ́ kìíní: ìtọ̀ 1, ó kéré tán. Ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀.
- Ọjọ́ kejì: ìtọ̀ 2.
- Ọjọ́ kẹta: ìtọ̀ 3. Ìgbẹ́ ti ń kúrò ní dúdú, ó ń yí sí àwọ̀ ewé.
- Ọjọ́ karùn-ún lọ sókè: ìtọ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò pọ́n. Ìgbẹ́ rírọ̀ tó pọ́n bí iyeyè, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Tí ọmọ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 6, ó lè má yàgbẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ìtọ̀ bá ń lọ déédéé, tí ìgbẹ́ sì rọ̀ nígbà tó bá dé, ẹ fọkàn balẹ̀.

Pámpásì máa ń fa omi mu débi pé ẹ lè fọwọ́ kàn án kí ẹ rò pé kò tọ̀. Ẹ da ṣíbí ìjẹun omi mẹ́ta sínú ọ̀kan tó gbẹ, kí ẹ gbé e sọ́wọ́. Bí pámpásì tó ní ìtọ̀ gidi nínú ṣe ń wúwo nìyẹn. Tàbí kí ẹ lo nápíkìn aláṣọ fún ọjọ́ méjì tí ẹ fi ń kà á.

Òṣùwọ̀n kejì ni sìkéèlì. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ ló ń rù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí: ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n bó bá ń lọ sí 10, kí dókítà rí i. Ọmọ kílò 3 lè bọ́ sí 2.8 láìsí wàhálà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kó ti padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kó máa fi gíráàmù 20 sí 30 kún un lójúmọ́ títí di bí oṣù mẹ́ta. Ẹ má dúró de ẹni tí yóò rán yín létí: nígbà tí ẹ bá gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n níhòòhò, kó kọ ọ́ sínú káàdì, kí ẹ sì ka ohun tó kọ.

### Ohun tí kò túmọ̀ sí pé omi ọmú ò tó

Ọmú tó rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ara ti mọ iye tí ọmọ ń fẹ́ ni. Ọmú kékeré: ọ̀rá ló ń mú ọmú tóbi, kì í ṣe omi. Ẹ̀rọ ìfúnmú tó mú díẹ̀ jáde: ẹnu ọmọ mọ iṣẹ́ yìí ju ẹ̀rọ lọ. Omi pípọ́n, tó ki, tó sì kéré ní ọjọ́ àkọ́kọ́: oúnjẹ gidi nìyẹn, ẹ má fún un dànù. Omi púpọ̀ máa ń dé láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún.

Èyí tó ń da ìyá láàmú jù ni ìrọ̀lẹ́. Láti bí aago márùn-ún, ọmọ á lẹ̀ mọ́ ọmú bí ìgbín tó lẹ̀ mọ́ igi. Á mu, á fi sílẹ̀, á sunkún, á tún mu. Ó máa ń le sí i ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta. Ọmọ ń dàgbà ni, ó ń pàṣẹ fún ara yín pé kó pèsè sí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ìgbà yìí gan-an ni wọ́n máa ń ra agolo.

### Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí, ẹ má dúró dọ̀la, bí:

- lẹ́yìn ọjọ́ kẹrin, kò bá tọ̀ fún wákàtí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí bíríkì;
- àwùjẹ̀ rẹ̀ bá jìn wọlé, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ;
- ó bá ń sùn débi pé ẹ kò lè jí i mu ọmú;
- ojú tàbí ara rẹ̀ bá pọ́n bí iyeyè, pàápàá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bí i;
- ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C kó tó pé oṣù mẹ́ta, tàbí tó bá tutù ju bó ṣe yẹ lọ;
- mímí rẹ̀ bá ń yára jù, tàbí tí igbá àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí.

## Bí a ṣe ń gbé ọmọ sọ́mú

Ìdajì àwọn tó ní omi ọmú àwọn ò tó, bí ọmọ ṣe gbá ọmú mú ló kù díẹ̀ káàtó. Èrò tèmi nìyẹn o, ṣùgbọ́n ojú mi ti rí i púpọ̀.

1. Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn yín fara ti nǹkan. Ọmọ la ń gbé wá bá ọmú. Bí ẹ bá ń tẹ̀ síwájú láti fi ọmú bá ọmọ, ẹ̀yìn yóò dùn yín kó tó di alẹ́.
2. Ẹ jẹ́ kí ikùn ọmọ kọjú sí ikùn yín. Kí etí, èjìká àti ìbàdí rẹ̀ wà lórí ìlà kan. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú kí ẹ gbé omi mì pẹ̀lú ọrùn tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí.
3. Ẹ fi orí ọmú kan ètè òkè rẹ̀, kí ẹ dúró. Ẹnu rẹ̀ á là gbàgà bí ẹni tó ń yán.
4. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fà á mọ́ra kíá. Àgbọ̀n rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kan ọmú. Kì í ṣe orí ọmú nìkan ni kó wọ ẹnu, ibi dúdú tó yí i ká gbọ́dọ̀ wọlé. Ti ìsàlẹ̀ ni kó wọlé ju ti òkè lọ.
5. Ẹ tẹ́tí. Lẹ́yìn ìfàmu kíákíá bíi mélòó kan, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì.
6. Bó bá ṣì ń dùn yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ ki ìka kékeré bọ igun ẹnu rẹ̀ kó lè tú u sílẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má fà á yọ, orí ọmú yóò bó.
7. Kó mu ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́rùn kí ẹ tó fi èkejì lọ̀ ọ́.

Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lè gbé ọmọ sábẹ́ apá bí ẹni gbé báàgì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn yín, kó má baà fẹsẹ̀ gbá ojú ọgbẹ́. Ẹ sì lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ẹ fún un.

## Bí omi ọmú bá kéré lóòótọ́

Bí iye ìtọ̀ kò bá pé, tí ìwọ̀n kò sì gòkè, ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì rí ọmọ, kí ẹ sì ṣe báyìí fún ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra:

1. Ẹ bọ́ aṣọ ọmọ, ẹ gbé e lé àyà yín láìsí aṣọ láàárín, kí ẹ fi ìró bo ẹ̀yin méjèèjì.
2. Ẹ fún un lọ́mú ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá láàárín wákàtí 24. Ti òru ṣe pàtàkì. Ọmọ tí kò tíì padà sí ìwọ̀n tí a bí i, ẹ máa jí i bó bá ti pé wákàtí mẹ́ta.
3. Lẹ́yìn tó bá mu tán, ẹ fi ọwọ́ fún èyí tó ṣẹ́ kù sínú ife mímọ́, kí ẹ fi ṣíbí tàbí ife náà fún un. Ọmú tí a bá fún gbẹ ló ń tètè kún padà. Bí a bá ń fi omi sílẹ̀ nínú rẹ̀, ara á rò pé a kò nílò rẹ̀ mọ́.
4. Ẹ jẹun, ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ yín. Àmujù omi kì í sọ ọmú di odò.
5. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀yin náà wò: ẹ̀jẹ̀ tó dà púpọ̀ nígbà ìbímọ, ibi ọmọ tó ṣẹ́ kù sínú, àti àìsàn tírọ́ọ̀dì (ẹṣẹ́ kan tó wà ní ọrùn) lè dí omi ọmú lọ́wọ́.

Ọmú tó le, tó pọ́n, tó gbóná pẹ̀lú ibà fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ má dáwọ́ fífún ọmọ dúró níbẹ̀. Ẹ máa fún un, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Ìyá tó ní HIV tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè fún ọmọ lọ́mú. Kí ó tẹ̀lé ètò tí ilé ìwòsàn tó ti ń gba oògùn bá là sílẹ̀ fún un.

### Omi, àgbo, ẹmu, àti ìyá ọkọ

Kó tó pé oṣù mẹ́fà, omi ọmú nìkan ni. Kò sí omi, kò sí gúlúkóòsì, kò sí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Bí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún omi ọmú ló jẹ́ omi, nínú ooru oṣù kẹta pàápàá ó tó o. Omi tí a bá fún un á gba àyè oúnjẹ nínú ikùn kékeré yẹn, ó sì lè gbé ìgbẹ́ gbuuru wá. Ẹmu tí wọ́n ní ó ń mú ọmú sọ̀, ọtí inú rẹ̀ ń bá omi ọmú lọ sára ọmọ, ó tún ń dí ìṣàn rẹ̀ lọ́wọ́.

Rírọ ọmọ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kí a tẹ́ ọmọ sórí itan, kí a fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, kí a máa da ògì sí i títí yóò fi gbé e mì: oúnjẹ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó sì ti pa ọmọ.

Mo mọ̀ pé kíkọ èyí rọrùn ju sísọ ọ́ níwájú màmá tó wá wẹ ọmọ lọ. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ fún wọn níṣẹ́ mìíràn ṣe: “Màmá, ẹ kú ìtọ́jú wa o. Nọ́ọ̀sì ló ní ká má tíì fún un lómi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi se ọbẹ̀ ẹja yẹn, tí mo bá jẹ ẹ́, òun náà ni yóò mu ún.” Kí ọkọ yín sọ èyí tó le, ìyá rẹ̀ ni.

### Bó bá di dandan kí ẹ lo mílíìkì agolo

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é dáadáa:

1. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ se ife àti ṣíbí nínú omi tó ń hó. Ife ṣeé fọ̀ mọ́ ju ìgò onírọ́bà lọ.
2. Ẹ se omi kó hó, ẹ má jẹ́ kó tutù ju ìṣẹ́jú 30 lọ kí ẹ tó pò ó. Ó gbọ́dọ̀ ṣì gbóná tó 70°C kó lè pa kòkòrò inú ìyẹ̀fun náà.
3. Omi ni kó kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ṣíbí inú agolo, ní iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo mọ iye tí agolo ń tà. Síbẹ̀, ẹ má là á lómi kó lè pẹ́. Ebi ni ọmọ yóò fi jẹ.
4. Ẹ gbé ife sínú omi tútù, ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ wò. Èyí tí ọmọ bá mu kù, ẹ dà á nù.

Mílíìkì tíì, mílíìkì olómi inú agolo kékeré àti wàrà màlúù kò tọ́ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

## Ó wá kan ikùn

Lọ́jọ́ ìbímọ, bíi kílò 5 sí 6 ló ń bá ọmọ, ibi ọmọ àti omi jáde. Ilé ọmọ tó ti fẹ̀ bíi bàrà ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Nítorí náà, ikùn tí ẹ ń rí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kì í ṣe sísanra, ẹ fi sílẹ̀.

Láti ọjọ́ ìbímọ dé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Ẹ máa fún ojú ara pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró (ẹ má ṣe é lórí ìtọ̀ gan-an), kí ẹ ka 5, kí ẹ tú u, lẹ́ẹ̀mẹwàá, nígbà mẹ́ta lójúmọ́. Bẹ́líìtì ikùn tàbí ọ̀já lè gbé ikùn dúró kí ara tù yín, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àmọ́ kì í yọ́ ọ̀rá. Bí kò bá jẹ́ kí ẹ mí dáadáa, ó ti le jù. Omi gbígbóná tí wọ́n fi ń tẹ ikùn náà kì í yọ́ ọ̀rá. Mo ti rí awọ tó bó. Kí omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kó má sì débi ojú iṣẹ́ abẹ.

Lẹ́yìn tí dókítà bá ti yẹ̀ yín wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà:

1. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ gbé orí sókè díẹ̀, kí ẹ fi ìka tẹ òkè ìdodo. Bí àyè tó wà láàárín iṣan bá ju ìka méjì lọ nígbà tí ọmọ bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, iṣan ikùn ló ṣì là, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ má ṣe eré ìdárayá tí a ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ ká tó dìde jókòó. Ẹ béèrè ẹni tó ń tọ́jú iṣan nílé ìwòsàn.
2. Ẹ fi okùn wọn ikùn lórí ìdodo, kí ẹ ta kókó sí i. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fẹ́ràn okùn ju sìkéèlì lọ, nítorí ọmú tó kún nìkan tó láti yí sìkéèlì padà.
3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn: ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́, kó di 20, kó di 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.
4. Ẹ tún abọ́ tò. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì, kí òkèlè má ju ìkúùkù yín lọ, kí ẹja, ẹyin, ẹran tàbí ẹ̀wà gba ìyókù. Ẹ fi ṣíbí wọn epo, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.
5. Ẹ fojú sí ìdajì kílò lọ́sẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ògì. Kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń dá wa lágara. Ṣúgà kóró márùn-ún, mílíìkì olómi agolo kan àti Bournvita tí a ń kó lé e lórí ni. Abiyamọ nílò oúnjẹ kékeré kan sí i lójúmọ́, kò nílò oúnjẹ ẹni méjì. Ẹ mu ògì láìsí ṣúgà pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín. Omi dípò mọ́ọ̀tì. Ẹ̀pà sísè tàbí ẹyin sísè fún ebi aago méjì òru, kí ẹ gbé e sẹ́bàá ibùsùn kó tó di alẹ́, torí ẹni tí oorun ń kùn kì í yan oúnjẹ, búrẹ́dì ló máa ń bá.

### Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Tíì tó ń “fọ ikùn”: ewé tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Omi ara ni ẹ pàdánù, kì í ṣe ọ̀rá.
- Ààwẹ̀ gbígbà láti fi jò nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́mú nìkan. Ní Ramadan pàápàá, ẹ̀sìn fún abiyamọ tó bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí ọmọ láyè láti san án nígbà mìíràn.
- Kí ẹ máa fi ara yín wé aládùúgbò. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ fi sanra.

Bí okùn kò bá yí padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ẹ ti ń ṣe gbogbo èyí, ẹ lọ yẹ tírọ́ọ̀dì àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bí ẹ bá ń gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta: ó ń mú àwọn kan sanra, ọ̀nà mìíràn sì wà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹkún ló ń gbọ̀n yín, tí nǹkan kan kò wù yín mọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ikùn kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ sọ ìyẹn fún dókítà ṣáájú. Bí ọkàn bá ń sọ fún yín pé kí ẹ ṣe ara yín tàbí ọmọ ní jàǹbá, ẹ má dá wà, kí wọ́n gbé yín lọ lọ́jọ́ náà.

## Ẹni tó ń padà síbi iṣẹ́

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín àkókò iṣẹ́. Ẹ béèrè rẹ̀.

Omi ọmú tí ẹ bá fún lè wà níta fún wákàtí 4 bí yàrá kò bá ju 25°C lọ. Tiwa máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà wákàtí 2 ni mo fi mọ. Nínú kúlà tó ní yìnyín dáadáa, wákàtí 24. Nínú fíríìjì, ọjọ́ 4, bí iná bá dúró. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ lò ó lọ́jọ́ kejì. Inú abọ́ omi gbígbóná ni kí ẹ ti mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe lórí iná.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò fífi ife fún ọmọ ní omi ọmú ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Kó má jẹ́ ẹ̀yin ni yóò fi ife fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ọmọ tó bá ti gbóòórùn ìyá rẹ̀ nínú yàrá kò ní gba ife lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jáde lọ sẹ́yìnkùlé, kí ẹ má sì yọjú.